Irin Iwájú Jíìpù Dókítà Màlúù

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Orí mi gbóná. Bàbá jó gáàdì mọ́ iwájú jíìpù Dókítà Màlúù láàárọ̀. Irin ńlá mẹ́ta, èmi ni mo ha á títí tó fi ń dán. Dókítà ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ayẹ̀wò-ọkọ̀ fi dá a dúró. Kó lọ yọ ọ́, òfin ni. Òfin wo? Wọn ò sọ.

Dókítà ò fẹ́ yọ ọ́. Ẹran ló ń tọ́jú, oko ló ń lọ. Lọ́dún tó kọjá màlúù sáré já lu iwájú ọkọ̀ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ẹ́ńjìnì bá a jókòó nínú ọkọ̀. Bàbá ní òun á lọ béèrè. Bàbá mi! Wẹ́dà tí kì í sọdá títì bí iná pupa bá ń tàn, kódà kó má sí mọ́tò kankan.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo tẹ̀lé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ní, kò séwu níbẹ̀ o, bàbá, tí ò bá ṣáà ti bo iná ọkọ̀. Inú wa dùn. A dé yàrá kejì — ọkùnrin kan ń gé èékánná: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Tó bá ti yọ ju bọ́ńpà lọ, ẹ ti rúfin." Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ yọ tó? "Ẹ bi ọ̀gá."

Ọ̀gá ò sí. Ṣùgbọ́n jíìpù ọ̀gá wà níta, gáàdì ń bẹ níwájú rẹ̀, ó tó géètì! Mo nàka sí i. Bàbá gbá ọwọ́ mi wálẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Ọ̀gá ò sí. Jíìpù wà ńbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

A rí i. Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Imú, torí imú ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde, á wá fi "ṣé ẹ gbọ́ mi yé?" dé e lórí. Ó ní bí irin bẹ́ẹ̀ bá gbá ọmọ kékeré tó ń sọdá, orí ló máa bá. Bọ́ńpà lásán á tẹ̀, irin ò ní tẹ̀. Ìyẹn yé mi. Mi ò fẹ́ kó yé mi.

Bàbá ní, "Ṣé kí n yọ ọ́ ni, sà?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má yọ ọ́. À ń gbé e yẹ̀ wò. Ṣé ẹ gbọ́ mi yé?"

Mo ní, tiyín ńkọ́, sà? Ó ní tòun, tiṣẹ́ ìjọba ni.

Nígbà tí mo délé, mo wọ ilé ìdáná lọ bá Màmá: "Mi ò ní kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀." Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò gbọ́.

Àbámẹ́ta, 8

Oníjíìpù méjì wá ṣe gáàdì. Bàbá dá wọn padà. "Ó dìgbà tí ìjọba bá sọ̀rọ̀." Ta ni ìjọba? Èèyàn mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta! Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. 

Mo yá fóònù ìyá tó ń ta ọ́ìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo lọ sẹ́yìn táǹkì omi, mo fọwọ́ dimú, mo pe Bàbá. "Ṣé wẹ́dà nìyẹn? Ọ́fíìsì ni mo ti ń pè. A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi yé?"

Mo rò pé á mọ̀ mí. Á bú mi, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á bù kún yín, sà." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo pa fóònù.

Àìkú, 9

Mi ò tíì sọ fún un. Ó ń súfèé.

Ìṣẹ́gun, 11

Ó ti pe àwọn oníjíìpù padà. Gáàdì méjì láàárọ̀ yìí nìkan. Ó pe Dókítà: ẹ máa wà á lọ, ọ̀gá pátápátá ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Mo ní màá sọ fún un tó bá jẹun tán. Ó jẹun tán, ó ń ṣàwàdà pẹ̀lú Màmá. Mo kó abọ́ lọ fọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Wọ́n ti gba jíìpù Dókítà. Dókítà sọ fún wọn pé ọ̀gá wọn ló fọwọ́ sí i — ọ̀gá wà níbẹ̀! "Èmi? Wẹ́dà wo?" Wọ́n fi Dókítà ṣe yẹ̀yẹ́. Màlúù kan tó ń rọbí ló ń lọ bá. Kó tó rí alùpùpù, ẹran ti kú.

Dókítà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ì bá pariwo. Ohun tó sọ kò ju "Mo gbà yín gbọ́, bàbá" lọ.

Bàbá gbaná jẹ. "Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ! Lọ́la, níwájú gbogbo ọmọọṣẹ́ rẹ̀, òpùrọ́ ni mo máa pè é." Màmá bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n á tì í mọ́lé. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ẹtì, 14

Ó ń nu bàtà láti jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo la ẹnu.  Ohùn Ọ̀gá Imú ló jáde: "Wẹ́dà. Ṣé ẹ gbọ́ mi yé?"

Bàtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbọ́ ọ. "Sà! Ẹ káàárọ̀, sà. Mò ń bọ̀, sà." Ẹni tó fẹ́ lọ pe èèyàn lópùrọ́! Ó ṣílẹ̀kùn, ó ti tẹrí ba, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ rí. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ọkùnrin náà.

Mo ní, "Bàbá, èmi ni."

Kò nà mí. Ó wọ sálúbàtà iṣẹ́. Ó pe àwọn oníjíìpù lọ́kọ̀ọ̀kan: mo ṣìṣe, ẹ gbé e wá, màá yọ ọ́. Kò dárúkọ mi. Ó gé irin, mo dì í mú, iná ń ta sí wa lára. 

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ní ká máa lọ. A gba iwájú ọ́fíìsì wọn kọjá. Jíìpù Ọ̀gá Imú wà níta, tòun ti irin rẹ̀. Bàbá ò wò ó.

A dé ilé Dókítà. Bàbá kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Ohùn tìẹ ni kó o fi sọ ọ́ o." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Dókítà tó ń bọ̀.