Ẹ̀rín Tí Mo Rín Níbi Fìdáù Bàámi

Mo rẹ́rìn-ín níbi fìdáù bàámi, màámi sì ti ní kí n má wọlé àwọn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ bá mi dá sí i, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Air hostess ni mí, èmi ni mo máa ń tọ́jú èrò nínú bàálù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Okokomáìkò ló gbọ́. Bàámi á jókòó síwájú ilé, bí bàálù bá ti ń kọjá lókè, wọ́n á ní ọmọ àwọn ló ń lọ yẹn... kódà bí mo bá wà nínú yàrá tí mò ń sùn! Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti sú mi. Ẹsẹ̀ á wú, èrò á máa bú mi torí pé bàálù pẹ́, èmi á ṣáà máa rẹ́rìn-ín...

Kánò la wà nígbà tí wọ́n fi fóònù sọ fún mi pé bàámi ti kú. Mo fẹ́ figbe ta, ọ̀gá wa ní kí n nu ojú mi, èrò ti ń wọlé. Mo nu ún. Mo rẹ́rìn-ín, mo pín tíì títí a fi dé Èkó. Kí n tó dé Ìyànà Ìbà lọ́nà ilé, wọ́n ti sin bàámi, ẹ ṣáà mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pẹ́ nílẹ̀. Mi ò rójú wọn, mi ò sì tíì sunkún títí dòní.

Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ fún àlejò. Mi ò mọ ìgbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú bàálù o! Mo ń tẹrí ba níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa mu... mo tún sọ fún ìyá àgbà kan tó ń lọ pé inú wa dùn pé wọ́n bá wa rìnrìn àjò. Àbúrò bàámi pariwo pé ṣé ikú ẹ̀gbọ́n àwọn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín? Màámi kàn wò mí.

Fìdáù ogójì ọjọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Màámi ránṣẹ́ pé bí mi ò bá lè sunkún bàámi, kí n má wá. Mo ti jókòó síwájú dígí, mo ti pe orúkọ wọn... ẹ̀rín yẹn náà ló ń yọ. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Bí mo bá fi í sílẹ̀, ṣé ẹkún á wá? Láàárọ̀ yìí bàálù kan kọjá lókè, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé èmi ni mò ń lọ yẹn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ojú wo ni kí n gbé lọ bá màámi?