Erè Tí Mo Kà Sí Èrè

Ọmọ mi àtàtà, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín ò tíì pariwo mọ́ yín lónìí? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò ní fẹsẹ̀ gún ohun burúkú, ohun tí ò lẹ́sẹ̀ ò sì ní... ẹ̀n-ẹ́n, kí n kọ́kọ́ kí ọ tán ná, a máa dé ibẹ̀.

Gbogbo wa ń bẹ níbí. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ló bí, ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ fẹ́ dìde mu ọmú, ó ya ọ̀lẹ. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, mo ti gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, bí mo bá ti jókòó sórí àpótí, ó di kí n di ògiri mú kí n tó dìde.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò nìyí. Lóṣù tó kọjá o tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, o ní, Mama mo ti ni ere kan bayii, iru re sowon, funfun ni, o si n dagba daadaa ninu ile mi. Ìwọ náà wò ó. O ò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀! Tíṣà wa nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ò bá fàmì sọ́rọ̀ á ka ọkọ sí ọkọ́, mo rò pé àwàdà ló ń bá wa ṣe. Èmi ka tèmi sí èrè. Mo ní, háà, ọmọ mi ti jèrè! Ó ní funfun ni, ìyẹn ni pé owó tó mọ́ ni, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ó ní ó ń dàgbà, ìyẹn ni pé báǹkì ń fi kún un. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ta ló fẹ́ bá ọ jiyàn, èrè ṣọ̀wọ́n lóòótọ́ láyé tá a wà yìí. Mo dìde nípàdé àwọn obìnrin, mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí. Mo wá lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa pé kó wọ̀n mí, kó rán aṣọ tí màá wọ̀ wá bá ọ jẹ èrè yẹn.

Aránṣọ yìí ló ní fóònù ńlá, òun ló ṣí àwòrán rẹ hàn mí. Yéè! Ejò ló wà lọ́rùn rẹ! Erè funfun báláú, ó ká mọ́ ọ lọ́rùn, ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín. Mo lọgun. Mo ní kí aránṣọ da fóònù yẹn dojú bolẹ̀ kíákíá, kó gbé irin ìlọṣọ rẹ̀ lé e lórí kó má bàa rí ọ̀nà jáde. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní kí n fara balẹ̀, pé ejò yìí gbajúmọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń tẹ̀lé e. Mo ní kí wọ́n tẹ̀lé e lọ síbo? Ejò tí kì í jáde nílé! Èmi tí mò ń gbé orúnkún yìí lọ pọn omi lójoojúmọ́, ta ló ń tẹ̀lé mi? Jọ̀ọ́, bá mi mú ogún péré nínú wọn, kí wọ́n wá bá mi ru korobá.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò lóró, kì í bu èèyàn jẹ. Ta ló bi ọ́ léèrè oró? Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà mí. Mò ń jowú ni. Mo ti sọ ọ́, kó kúrò níkùn mi. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kò fẹ́ orogún lé mi lórí rí títí tó fi kú, ìwọ ọmọ inú mi lo wá fi ejò ṣe orogún fún mi.

O ń pè é ní Bébì. O ní eku dídì lò ń rà fún un, fíríjì lo sì ń kó o sí. Eku! Eku tó ti jẹ etí ìró mi dáadáa, tí mò ń fi ìgbálẹ̀ lé kiri yàrá, ìwọ ń fowó rà á. O ní iná kan wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru kí òtútù má bàa mú un. Nígbà tó ń bọ́ awọ, o gbàyè níbi iṣẹ́ kó o lè jókòó tì í. Nígbà tí èmi ṣubú lẹ́nu ilé ìwẹ̀, o ní ọ̀gá ò fún ẹ láyè. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, o gbé e dìgbàdìgbà lọ bá dókítà. Èmi náà ń sín o.

Èyí tó wá dùn mí wọra ni ti yàrá. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí n wá gbé lọ́dọ̀ rẹ fúngbà díẹ̀, kí àwọn dókítà ìlú ńlá bá mi yẹ orúnkún yìí wò, o ní, Màmá, kò sáyè, yàrá kejì ti kún. Mo rò pé ọjà lo kó síbẹ̀, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà kó tà. Àṣé Bébì ló ń dá gbé inú ẹ̀! Odidi yàrá, fèrèsé méjì, fún ohun tó ń fi àyà fà!

Ọjọ́ kejì ni aránṣọ ka ohun tó o kọ sábẹ́ àwòrán fún mi. O ní láràárọ̀, kó o tó jáde lọ síbi iṣẹ́, o máa ń fọwọ́ pa á lórí, o máa ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé kì í gbọ́ ohun tá a bá sọ fún un. Èmi ń gbọ́. Mo sì lẹ́nu tí mo lè fi dá ọ lóhùn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Torí náà, mò ń bọ̀. Mi ò ní kó o lé e jáde, mi ò burú tó bẹ́ẹ̀. Gbé e lọ sí pálọ̀, kó máa bá ọ wo tẹlifíṣọ̀n, kó o tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sábẹ́ iná rẹ̀ yẹn, ó lè dára fún orúnkún. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, fi owó aṣọ kún un, torí aránṣọ ti gé e. Má fi sí báǹkì o. Obìnrin tó jókòó lójú fèrèsé ibẹ̀ ní owó tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí wà lórí ayélujára, mi ò sì mọ ẹni tó sọ pé kó gbé e gun orí ibì kankan. Fi rán awakọ̀ tó máa ń ti ọ̀dọ̀ yín wá sílùú wa, mo mọ ilé ìyá rẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Wàá ríṣẹ́ ṣe, wàá rẹ́ni bá ọ ṣe é. Wàá bí ọmọ tó lọ́wọ́ tó lẹ́sẹ̀, wọn ò ní sọ fún ọ lọ́jọ́ ogbó pé yàrá ti kún. Ní ti Bébì, mi ò fi í sínú àdúrà yìí o. Bó bá ń fẹ́ àdúrà, kó tọ ìyá tó bí i lọ.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ìwọ.