Mọ́tò Tó Gbé Humairah Relé Ọkọ

Ilé Gàrúbà,
Ìkirè.

Tawheed, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláàmù àlékúmù. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le koko ní Sókótó níbi tí o ti ń ṣe àgùnbánirọ̀, àti pé oòrùn ibẹ̀ ń fojú àánú wò ọ́. Ara tiwa náà le, àfi orí mi tí wàhálà bàbá yín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Wọn ò fún ọ láyè wá síbi yìgì Humairah àbúrò rẹ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò sì jẹ́ kí n ròyìn tán lórí fóònù, ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn àna wa ní jíìpù ni àwọn yóò fi gbé ìyàwó lọ sí Àpòmù. Bàbá yín fàáké kọ́rí. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun fún àwọn, mọ́tò àwọn ni yóò gbé e délé ọkọ. Mọ́tò tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí bí àgbàdo tí eku jẹ! Mo ní kí wọ́n gbé e lọ fún pẹ́ńtà. Wọ́n ní àwọn ti wo bí wọ́n ṣe ń kùn ún nínú fóònù, àwọn á kùn ún fúnra àwọn.

Wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin fi yọ. Ẹ̀rù eruku wá ń bà wọ́n, ni wọ́n bá tì í wá sábẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń dín dòdò. Mo ní, "Bàbá Tawheed, epo pupa mà ni mo fi ń dín in. Èéfín rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ mọ́tò yín lára." Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. Mo gbájú mọ́ ọn. Kí ni kí n ṣe?

Nígbà tí wọ́n fọ́n ọ̀dà búlúù sí i, ńṣe ni ọ̀dà ń sá fún irin, ihò wínníwínní ló yọ kárí ara rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé èmi ni wọ́n dá lẹ́bi? Dòdò mi ló ba iṣẹ́ àwọn jẹ́! Wọ́n bá bu kẹrosíìnì, wọ́n fi nù ún, wọ́n tún kun òmíràn lé e. Ìyẹn kò gbẹ rárá. Inú bí mi débi pé mo sunkún. Títí di ọjọ́ yìgì, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ náà, jíìpù àwọn àna dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dán yinrin. Bàbá yín dúró ti mọ́tò búlúù wọn, wọn ò lè gbójú sókè. Àánú wọn ṣe mí, inú sì tún ń bí mi. Humairah jáde nínú aṣọ funfun, ó wo mọ́tò méjèèjì, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kí a tó kígbe, ó ti fọwọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́tò bàbá yín. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọnú ọ̀dà. Ọwọ́ búlúù ló fi wọlé ọkọ!

Ọ̀dà ti gbẹ báyìí, nígbà tí kò wúlò mọ́. Bàbá yín ti gbà kí pẹ́ńtà tún mọ́tò kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn yẹn. Pẹ́ńtà ní òun kì í kun mọ́tò láàbọ̀. Mo gbaná jẹ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ tiwọn lé àpá ọwọ́ Humairah tó gbẹ sára ilẹ̀kùn, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Mo bá ní kí pẹ́ńtà máa lọ.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ, kó mú ọ bọ̀ wálé láyọ̀, kó sì fún ọ ní ìyàwó tó ní sùúrù bíi tèmi. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Sìlífátù.

Mo tún rántí: Bàbá yín ní kí n bi ọ́ pé irú ọ̀dà wo ni wọ́n fi ń kun firíìjì. Jọ̀wọ́, má dá wọn lóhùn.