Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Fẹ́ Lọ

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n wọn mí fún aṣọ gígùn lónìí. Aṣọ gígùn! Ìyá Noguchi tó ń rán aṣọ fún wa fa tépù láti èjìká mi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń kùn orin sẹ́nu. Mo ní, "Mà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì mí mú? Aṣọ tí gbogbo wa máa wọ̀ fún àwo orin tuntun yẹn ò kọjá orúnkún." Ó wo ojú mi. Ó ní, "Áà. Wọn ò tíì sọ fún ẹ." Ló bá ká tépù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ mu tíì.

Nínú Asatsuyu, àwa méje tí à ń kọrin pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wọ aṣọ gígùn: ẹni tó ń lọ. Níbí, a kì í sọ pé ọmọbìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́, a kì í sì í sọ pé wọ́n lé e. A ní ó gboyè jáde. Á dúró níwájú èrò, á rẹ́rìn-ín, á sunkún díẹ̀, á ní òun fúnra òun lòun rò ó tí òun fi pinnu. Gbogbo gbọ̀ngàn á wá tan ọ̀pá iná aláwọ̀ tirẹ̀. Tèmi, àwọ̀ ewé ni.

Èmi ò pinnu nǹkan kan o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mo ká Ìyá Pẹ̀lẹ́ mọ́ ibi ìdáná ọ́fíìsì. (Àǹtí Wakana ni, alábòójútó wa. Bí ilé bá jó, pẹ̀lẹ́ náà ló máa sọ.) Mo bi í, ṣé wọ́n fẹ́ lé mi ni? Ó ń bu omi gbígbóná sínú ife tó ti kún. Ó ní, "Toki, pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ló máa bá ẹ sọ ọ́." Mo ní, ta ló wá bá aránṣọ sọ ọ́ ṣáájú mi? Ó ní pẹ̀lẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ yìí. Aránṣọ ló kọ́kọ́ gbọ́.

Ọjọ́rú, 4

Eyín ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá wa ni, Ọ̀gbẹ́ni Tsukamoto. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Eyín, torí eyín rẹ̀ kì í wọlé, ì báà jẹ́ ìbí, ì báà jẹ́ òkú.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní àwo orin mẹ́rin la ṣe kẹ́yìn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba ipò kejì, torí pé gbogbo ìgbà tí tiwa bá jáde ni ti Minase Kaoru náà ń jáde. Òótọ́ ni. Obìnrin yẹn á dá dúró pẹ̀lú dùùrù kan, á fi wá sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kan náà la tún máa pàdé lóṣù yìí. Eyín wá ní, "Nítorí orin, èèyàn á ra àwo kan. Bí wọ́n bá fẹ́ràn yín gan-an, wọ́n á ra márùn-ún kí wọ́n lè fi tíkẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ bọ̀ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nítorí ìdágbére? Áà, Toki, wọ́n á fi ọmọlanke kó o."

Ó bi mí ọjọ́ orí mi, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó mirí bíi dókítà.

Ìwé àdéhùn mi parí lópin oṣù yìí, kò ní tún un ṣe. Ìyẹn nìkan kọ́ ló dùn mí o. Ó ní lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ní gbọ̀ngàn Yokohama, èmi ni kí n fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni mo fẹ́ lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, irọ́ nìyẹn." Ó ní, "Ẹ̀bùn ni. Ìwọ lo máa fún àwọn mẹ́fà tó kù." Eyín rẹ̀ wà níta bó ṣe máa ń wà.

Kí wọ́n lé mi, ó dáa, wọ́n lágbára ẹ̀. Kí wọ́n wá fi ẹnu mi lé mi!

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo jẹ ìrẹsì àná bí ẹni ń jà. Mo fọ́ àwo kan. Inú mi ò rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Hinano mọ̀.

Hinano ló ń dúró láàárín wa nínú gbogbo ijó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí láàárín ijó kí ohùn má gbọ̀n. Lónìí, lẹ́yìn ìdánrawò, mo rántí pé nígbà tí à ń gba orin sílẹ̀ lóṣù keje, gbogbo ibi tí mo dá kọ, wọ́n ní kí Hinano náà kọ ọ́, "nítorí a ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀." Mo bi í. Ó sọ ojú sílẹ̀, ó ń tú okùn bàtà tó ti tú tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ."

Mo ní, "O jókòó tì mí láti oṣù keje, ò ń jẹ nínú oúnjẹ mi?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń fún mi."

Mo gbé àpò mi, mo jáde. Ó ń sáré tẹ̀lé mi dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n lójú èrò, mi ò wẹ̀yìn. Ó dùn mí débi pé mo wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tèmi.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Màmá pè láti Hachinohe, ìlú wa. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń kígbe ẹja lẹ́yìn rẹ̀, ìsọ̀ ló wà. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gboyè jáde. Mo fi ohùn dídùn sọ ọ́, mo fi ń dánra wò.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Purọ́ fún àwọn tó ń ra àwo rẹ. Èmi ni mo bí ẹ." Ni mo bá bú sẹ́kún bí ọmọdé. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Wọ́n máa lé ọmọ mi, wọ́n tún ní kó dúpẹ́? Fún ọ̀gá yẹn ní fóònù." Mo ní kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n lọ wá a. Màmá, tí kò dé Tókíò rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Aṣọ gígùn náà ti délé. Ó bá mi mu. Ìyẹn gan-an ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Irú nǹkan wo nìyí? A fi ìkéde mi dánra wò lónìí, bí a ṣe ń fi ijó dánra wò. Wọ́n lẹ tépù aláwọ̀ ewé mọ́lẹ̀ níbi tí màá dúró. Ẹni tó ń darí eré sọ fún àwọn mẹ́fà yòókù pé, "Ẹ̀yin, ibí ló ti máa yà yín lẹ́nu. Hinano, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wó lé orúnkún. Má wó kíákíá o, jẹ́ kó pe orúkọ ẹgbẹ́ tán." A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kejì, ó ní omijé Kana, ọ̀kan nínú wọn, kò hàn láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. "Èmi fúnra mi ni mo rò ó tí mo pinnu." Lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rọrùn lẹ́nu ju bí mo ṣe rò lọ, ẹ̀rù sì bà mí.

Màá sọ ọ́ lọ́la. Kí n sọ ọ́ kí ó tán. Àwọn mẹ́fà náà fẹ́ ipò kìíní, èmi náà sì ti fẹ́ ẹ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Mi ò sọ ọ́.

Ó wà lẹ́nu mi. Mo dúró lórí tépù, mo gba máìkì, mo ní, "Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ." Ọ̀rọ̀ ò tíì jáde, Kana ti bú sẹ́kún lẹ́yìn mi! Ìbẹ̀rù pé omijé òun ò ní hàn ló jẹ́ kó tètè bẹ̀rẹ̀. Hinano bá gbọ́ ẹkún, ó rò pé ó ti kan òun, ó wó lé orúnkún gbìì. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Èrò ń wò wá, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní kí n sọ pé èmi ni mo fẹ́ lọ. Èmi kọ́ o. Mo fẹ́ràn ibí. Lílé ni wọ́n lé mi, kí àwo yìí lè tà."

Wọ́n pa máìkì. Ó ti pẹ́ jù. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ atẹ́gùn ṣe ń kùn. Lẹ́yìn náà ni iná aláwọ̀ ewé ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè, láti ìsàlẹ̀, títí kò fi sí àwọ̀ mìíràn mọ́. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ló wá fà mí lọ́wọ́ wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sọ pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 16

Kò sẹ́ni tó pè mí láti ọ́fíìsì. Àfi Màmá. Ó ní, "O ṣeun."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Ọ̀la ni ọjọ́ ìjáde tí wọ́n kọ sára àwo, ṣùgbọ́n òní làwọn ìsọ̀ ń gbé e síta, gbogbo ayé ló mọ̀. Mo fi ìbomú bo ojú, mo lọ sí ìsọ̀ kan ní Ṣíbúyà. Wọ́n kó tiwa jọ bí ògiri. Òṣìṣẹ́ ìsọ̀ ti fi ọwọ́ kọ ọ́ sí pátákó kan lókè: Ẹ RÀ Á KÍ TOKI MÁ LỌ.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Èmi kọ́. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń kó o sínú agbọ̀n, orí mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Ọjọ́ ìbọ̀wọ́. Wọn ò yọ orúkọ mi. Wọ́n tiẹ̀ fi kún ìlà mi.

Bàbá Ogata wá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń wá láti ìgbà tí àwọn tó ń wò wá ò tó èrò inú bọ́ọ̀sì kan. Tíkẹ́ẹ̀tì kan nínú àwo kan, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lo máa fi dì mí lọ́wọ́ mú, kí ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ti èjìká rẹ. Bàbá gbé tíkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ bí ẹni gbé páálí. Ọkùnrin náà wò ó, ó kan ká ọwọ́ gbera.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo àwo yẹn ṣe?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ orin ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní lè lé ẹ mọ́, ọmọ mi. A ti dá ẹ dúró."

Mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Bàbá rere yìí gbé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún Eyín nítorí mi, èmi náà ni mo fi ọ̀rọ̀ mi fà á. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tíkẹ́ẹ̀tì fi tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Ipò kìíní. Minase Kaoru ṣe ipò kejì.

Eyín ní kí gbogbo wa wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí mo ṣe wọlé. Hinano dì mọ́ mi, ó ń sunkún, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n, a ṣe é. Ẹ máa dúró." Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan.

Eyín ní, "Toki, èmi gan-an kì bá tí lè ronú kan irú rẹ̀." Kò bínú! Ó ti tẹ ìwé àdéhùn tuntun síwájú mi, pẹ́ẹ̀nì wà lórí rẹ̀. Ó ní bí àwo tó ń bọ̀ bá jáde, a tún lè bi àwọn èèyàn bóyá ó yẹ kí n dúró. Kí wọ́n fi rírà dìbò. Lọ́dọọdún. Ó ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń tàn.

Mo rí Bàbá Ogata lọ́kàn mi, lọ́dọọdún.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìwé mi parí lánàá. Mo fẹ́ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín. "Kí la máa sọ fáwọn èèyàn?"

"Ẹ sọ pé èmi ni mo fẹ́ lọ. Èmi fúnra mi ni mo rò ó tí mo pinnu."

Mi ò tíì rí i kí eyín yẹn wọlé rí, àfi lónìí. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ìwọ lo bà á jẹ́. Wọ́n á ní mo tún lé ẹ ni."

Mo ní ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹrí ba fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo gbé àpò mi, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Hachinohe.