Àwọn Ọ̀tá Mọ́kànlélógójì Tí Mo Tú Sílẹ̀

Èmi, tí orúkọ mi ní kíkún wà lórí ìwé ìbí tí mo fi abẹ́rẹ́ ìdìwé rán mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, tí gbogbo àdúgbò sì ń pè ní Bàbá Kọọ́sílẹ̀, akọ̀wé kóòtù tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò ní ọjọ́ Ajé, ó bi mí ní ọjọ́, oṣù àti ọdún. Mo dá a lóhùn, mo sì fi hàn án pé kàlẹ́ńdà tí ó gbé kọ́ ògiri ti fi oṣù méjì rẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ mi dá ṣáṣá. Kò sí ẹni tí ó fipá mú mi, kò sí ẹni tí ó tàn mí. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìwé yìí fagi lé gbogbo èyí tí mo ti kọ ṣáájú. Mo yan ọmọbìnrin mi, nọ́ọ̀sì, ní alámòójútó rẹ̀, nítorí òun nìkan ni kì í bẹ̀rù láti sọ fún mi pé mo ṣìnà.

ÌKÍNÍ. Ẹ̀mí mi àti ara mi. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi da ìwé ìhágún àwọn ẹlòmíràn kọ ní kóòtù. Wọ́n a máa há ẹ̀mí wọn fún Ọlọ́run bí ẹni ń há oko. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí mi kì í ṣe tèmi láti há. Jésù Kristi ti rà á padà, ó sì ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ní ti ara, kí káfíńtà ẹ̀yìn ilé wa kan pósí pákó lásán fún un. Ó ti wọ̀n mí lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ń kúrú.

ÌKEJÌ. Yàrá iwájú, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ méjèèjì, tábìlì gígùn inú rẹ̀ àti ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí títì, mo há fún àbúrò mi obìnrin, aránṣọ, láti máa gbé kí ó sì máa ránṣọ níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé e.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò ka èyí lọ́jọ́ kan. Ọdún kejìdínlógún nìyí tí ibà mú ìyá àwọn ọmọ mi, tí ó sì kú láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nínú ìbànújẹ́ yẹn, ẹnìkan ní ibi àdúrà kan wí fún mi pé ọ̀tá ilé ni ó pa á, kí n wá ọ̀tá náà rí. Ẹlòmíràn ì bá gbààwẹ̀. Èmi akọ̀wé kóòtù, ìwé ni mo ṣí. Mo fi aṣọ dúdú dì í, mo fa ìlà sí i: nọ́ńbà, ẹni tí a fura sí, ẹ̀sùn, ọjọ́, ẹ̀rí. Láàárín ọdún mọ́kànlá, èèyàn mọ́kànlélógójì ni mo kọ sínú rẹ̀. Ní òròòwúrọ̀, mo máa ń kà wọ́n sókè níwájú àwọn ọmọ mi méjèèjì, mo sì máa ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lé wọn lórí kí ó pa wọ́n run. Nọ́ńbà kìíní ni àbúrò mi. Ẹ̀sùn rẹ̀: ó gbé ọbẹ̀ wá fún aláìsàn ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ikú. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni èmi àti òun ti ń kí ara wa.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú mi, wọ́n sì fi báńdéèjì dì í fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Àbúrò mi kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn di ẹrù rẹ̀, ó dé. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí ó bá mi mú Bíbélì nínú dúrọ́ọ̀ kí ó kà fún mi. Mo gbàgbé pé aṣọ dúdú kan náà ni mo fi di Bíbélì mi àti ìwé àwọn ọ̀tá, abẹ́rẹ́ kan náà ni mo fi rán wọn. Ó ṣí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bà láàárín, ó kà á ketekete: “Nọ́ńbà kẹtàlélógún. Olùkọ́ ilé ìwé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan.” Ó yí ẹ̀yìn ìwé náà wò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé wòlíì wo rèé?”

Ojú tì mí. Ó ń kà á lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, ó ní òun kò mọ̀ pé irú ìwé ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nílé onígbàgbọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́.

Ó ní, “Ṣíbí mẹ́ta péré ló mu nínú ọbẹ̀ yẹn. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ó wá di ọwọ́ mi mú títí ó fi sùn lọ.” N kò mọ èyí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ẹjọ́ ró lórí ọbẹ̀ náà, n kò sì pe olùjẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Adájọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ ì bá ti lé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ jáde kí ó tó mu omi àárọ̀. Ìgbà náà ni ó bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ Jésù tí ẹ fi ń bá mi jà ní òròòwúrọ̀, ṣé kì í ṣe òun náà ló ra èmi padà?”

Mo sunkún lábẹ́ báńdéèjì. Dókítà bínú sí mi ní ọjọ́ kejì.

Olùṣọ́ àgùntàn ìjọ wa wá kí mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní kí ó gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀mí tí ń bẹ nínú ìwé náà. Kò pariwo, kò tì mí lórí. Ó ní kí n ka iṣẹ́ ọwọ́ Sátánì fún òun. Mo ní ó ń jalè, ó ń pani, ó ń tan ni jẹ. Ó ní, “Ẹ fo ọ̀kan, Bàbá. Ó tún ń fẹ̀sùn kan àwọn ará níwájú Ọlọ́run.” Ibẹ̀ ni ojú mi là, kí wọ́n tó tú báńdéèjì. Olùfisùn ń pe ẹjọ́ lókè, èmi ni mo sì ń bá a ṣe akọ̀wé nísàlẹ̀, fún ọdún mọ́kànlá, láìgba owó oṣù! Ẹ̀rín pa mí débi pé àbúrò mi sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi lóòótọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kò sí agbára búburú. Mo mọ ọ̀kan dáadáa. A jọ gbé ilé yìí, ìbẹ̀rù ni orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni ó sì ń lò. Ohun tí mo ń sọ ni pé Kristi ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn tèmi, tí ó gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ti wà lórí àgbélébùú, a ti kàn án mọ́bẹ̀, a ti pa á rẹ́. Ẹni tí a bá ti pa ẹ̀sùn tirẹ̀ rẹ́ kò ní ọ̀ràn láti máa kọ ti ẹlòmíràn. Ìdáǹdè tí mo rí nìyẹn, mo sì ń yọ̀ títí di òní.

ÌKẸTA. Ajá mi tí ó ti darúgbó, pẹ̀lú àwo oúnjẹ rẹ̀, mo há fún káfíńtà tí mo dárúkọ lókè. Ajá yìí kò gbó ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀tá mi rí. Ó yẹ kí n ti fi í ṣe ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn tí ojú mi san, mo lọ bá gbogbo àwọn tí mo kọ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti tọrọ àforíjì. Mẹ́ta ti kú. Mo lọ bá àwọn ọmọ wọn. Káfíńtà ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó máa ń kan ìṣó nígbàkigbà tí mo bá kúnlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú èérún pákó. Ó ní, “Kẹtàdínlógún kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mò ń pa? Ta ló wà ní ipò kejì?” Inú bí i nígbà tí mo sọ fún un. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní igun òpópónà ní kí n má dààmú, pé èmi náà wà nínú tòun, kìkì pé òun kò kọ ọ́ sílẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa, ó sì fún mi ní búrẹ́dì gbígbóná.

ÌKẸRIN. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, àwọn abẹ́rẹ́ ìdìwé, àti ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé, mo há fún ọmọbìnrin mi. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ó bi mí lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ pé, “Bàbá, tí gbogbo wọn bá kú tán, ta ni yóò máa bá wa ṣeré?” Mo bá a wí. Òun ni ó tọ̀nà. Mo ń sọ ọ́ báyìí ní kíkọ sílẹ̀, kí ó lè fi hàn mí bí mo bá tún jiyàn.

ÌKARÙN-ÚN. Ìwé àwọn ọ̀tá. Àkọ́bí mi, oníṣẹ́ iná, béèrè fún un lọ́wọ́ mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ní kí òun lè máa bá àdúrà náà lọ. N kò há a fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí mọ́. Mo kọ “A tú ẹjọ́ yìí ká” sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo sì kó o fún àbúrò mi. Ó ti fi í gé àpẹẹrẹ ọrùn aṣọ àti apá aṣọ fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Ẹ̀sùn tí mo kọ ti di aṣọ ọjọ́ ìsinmi lọ́rùn àwọn ọmọ tí mo kà sí ọmọ ọ̀tá.

ÌKẸFÀ. Gbogbo ìyókù ilé yìí, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀, mo há fún àkọ́bí mi.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ìwọ ni ó sì wọ̀ lára jù. Èmi ni mo kọ́ ọ láti bẹ̀rù obìnrin tí ó fọ aṣọ rẹ nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Láti ìgbà tí ó ti kó wọ yàrá iwájú, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ò ń gbà wá kí mi, pẹ̀lú àpótí iṣẹ́ ní èjìká, tí o ń fara gbún ìkòkò. O kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀. O kò jẹ́ kí ó gbé ọmọ rẹ rí. O kò mọ̀, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ, ó máa ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró kí ó lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ.

Àbúrò rẹ, nọ́ọ̀sì, ní kí n fi àdéhùn sí i: kí o má gba ilé àfi bí o bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, mo ti kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo kọ̀. Kristi kò ní kí n kọ́kọ́ fẹ́ràn àbúrò mi kí òun tó rà mí padà. Nítorí náà, tìrẹ ni ilé, láìsí àdéhùn kankan. Ẹnu ọ̀nà tí ó bá wù ọ́ ni kí o gbà. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò ṣeé há, òfin kò sì lè gbà á fún mi: kí o bọ́ nínú ìbẹ̀rù tí mo fi tọ́ ọ, kí n sì wà láyé láti rí i.

ÌKEJE. Gbèsè. N kò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa òdìkejì títì, nọ́ńbà ọgbọ̀n, ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń kí i ní àràárọ̀. Lẹ́yìn mi, kí ẹ máa kí i.

Àkọsílẹ̀ lórí ìfọwọ́sí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a dá. Òjò ń rọ̀, a ti fèrèsé onípákó méjèèjì àti ilẹ̀kùn títì, a sì jókòó sí yàrá iwájú nítorí tábìlì gígùn. Mo ka ìwé yìí sókè fún àwọn ọmọ mi, àbúrò mi àti àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì. Àkọ́bí mi dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ó ti inú ilé wọ yàrá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀. Bí mo ṣe ka ìkẹfà tán, mo ń ṣí ìwé sí ìkeje. Gílóòbù òkè ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó kú. Gbogbo wa wà nínú òkùnkùn, a ń gbọ́ òjò.

Ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, “Ta ló fa wáyà yìí?” Àbúrò mi dáhùn jẹ́jẹ́ pé, “Ọdún méje ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ní kí o wá wò ó.” Ọmọ mi ní, “Ọdún méje! Ṣé ẹ fẹ́ jóná mọ́lé ni, Àǹtí?” Ọdún méjìdínlógún nìyí tí n kò ti gbọ́ “Àǹtí” lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀ láàárín yàrá, ó ní kí wọ́n gbé àkàbà wá.

Nítorí náà, kì í ṣe aago mẹ́wàá ni a fọwọ́ sí ìwé yìí. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú ogún ni. Àwọn ẹlẹ́rìí mi kò ráyè: ọ̀kan ń di àkàbà mú, èkejì ń tan tọ́ọ̀ṣì, àbúrò mi sì ń gba ìṣó kéékèèké lọ́wọ́ ọmọ mi, ó ń sọ pé, “Rọra o, bàbá mi, rọra.” Kò sí ẹni tí ó rántí mi nídìí tábìlì. Mo jókòó sínú òkùnkùn, inú mi ń dùn.

Mo fọwọ́ sí i: Bàbá Kọọ́sílẹ̀

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn ìsinmi ìyá àwọn ọmọ mi.

Àwa ẹlẹ́rìí méjèèjì, tí a kò há ohunkóhun fún nínú ìwé yìí, jẹ́rìí pé ó fọwọ́ sí i níwájú wa, nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, pé orí rẹ̀ pé, àti pé ó ń kọrin.

Olùṣọ́ Àgùntàn Ìjọ

Ìyá Oníbúrẹ́dì