Ajẹ́ńtì Tó Ka Ìbàdí Jamilah Síta

Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Waliyat Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ tó igba ìgbà. Ṣé ara le? Ṣé Èkó ò tíì gbé ẹ mì? O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún wọn ti sàn, wọ́n gun òkè Mápó láàná láì jókòó lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ajẹ́ńtì inú fóònù tí o fi sílẹ̀ fún mi ní Iléyá ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O ní o ti kó sáìsì gbogbo oníbàárà inú ìwé mi méjèèje lọ sínú àká kan tí ẹ ń pè ní dátábéèsì, o sì ti la ọ̀nà láti àká yẹn dé ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì, kó lè máa dá wọn lóhùn nígbà tí mo bá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni, n kò gbọ́ nǹkan kan. Inú àpótí ni ìwé mi wà, báwo ló ṣe ń kà á? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé fóònù lé orí ìwé láràárọ̀, tí mo ń bá a ṣí ojú ewé, kó má baà máa ranjú nínú òkùnkùn. Ó bọ̀wọ̀ fún mi ju gbogbo ọmọ tí mo bí lọ. Mo fi ìrẹsì lọ̀ ọ́, ó ní ẹ ṣeun, òun kì í jẹun. Mo ní àbí ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó ní rárá.

Wàhálà dé ní Àtàlátà. Alhaja Zulaihat ará Oníyanrìn, ìyá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Jamilah, oníbàárà mi tí mo ń rán aṣọ yìgì rẹ̀ lọ́wọ́, kọ̀wé sí fóònù pé àwọn fẹ́ mọ sáìsì ìyàwó àwọn, àwọn fẹ́ ra síkẹ́ẹ̀tì fún un láì jẹ́ kó mọ̀. Ajẹ́ńtì rẹ kò bi mí o! Ó kó gbogbo ẹ̀ jáde bí ẹni ń ṣe wàásù: ìbàdí Jamilah kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, ọgbọ̀n, ní Iléyá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

O mọ̀ pé aránṣọ ló ń kọ́kọ́ mọ̀, kí dókítà tó mọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi tépù wọn àwọn obìnrin Ìbàdàn, ohun tí tépù bá sọ fún mi, ẹnu mi kì í tún un sọ. Jamilah ti fi Kùránì bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí n tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, Alhaja ti wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi ìka ka oṣù. Wọ́n ní, Ìyá Waliyat, kí ni ọmọ yìí ń jẹ? Òógùn bò mí, ó kún bàtà mi, ó ṣàn dé Ọjà'ba. Mo ní àṣìṣe ni, òjò ló pa tépù mi tó fi súnkì. Wọ́n ní kí n bi fóònù. Ajẹ́ńtì ní kò sí àṣìṣe, ìwé keje, ojú ewé kejìlá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ó tún wá ní ṣé ohun mìíràn wà tí òun lè bá wa ṣe!

Alhaja tún fi ìka ka oṣù lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní a ò dúró de oṣù mẹ́ta mọ́, Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì, kí n fi àyè sílẹ̀ níwájú aṣọ, kí n sì panu mọ́. Nígbà tí Jamilah gbọ́, ó sunkún, ó ní òun ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Mo wá dán ajẹ́ńtì wò. Mo ní kó ka sáìsì Waliyat ọmọ mi fún mi. Ó ní kí n má bínú, wọn kò fún òun láṣẹ láti rí ojú ewé yẹn. Háà! O mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn àká, o wá ti tìrẹ nìkan, o fi Jamilah sí ìta. Jọ̀ọ́, ti gbogbo rẹ̀ lónìí.

Fi owó ránṣẹ́, òwú ti tán, epo jẹnẹrétọ̀ náà ti tán, aṣọ yìgì ò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ọlọ́run á bo àṣírí rẹ, èyí tí o tì àti èyí tí o ò rántí tì.

Mo ti ṣí ojú ewé tìrẹ nínú ìwé oníbébà wò, òun ò bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbàdí tìrẹ náà ò dúró sójú kan. Tí o bá ń bọ̀ ní Jímọ̀, mú ọmọkùnrin tìrẹ náà dání.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdíkátù aránṣọ.