Fọ́tò Mùs'áb Nínú Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́

Àìkú, 3 Nòfẹ́ńbà 2024
Wọ́n gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà 2025 ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Onitsha lé mi lọ́wọ́. Ó tó àsìkò. Ti ọdún yìí, oṣù kẹta ló tó jáde — bí ẹni ń pín ẹran Iléyá lẹ́yìn oṣù méjì. Okwudili tó ń bá wa tẹ̀wé ní kí iṣẹ́ dé kóṣù yìí tó parí. Bó bá di Dìsẹ́ńbà, tàwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ tẹ̀.
Ojú ìwé àárín, "Akọni Wa": Mùs'áb. Ó gba góòlù níbi ìdíje irin gbígbé ní 2009. Télọ̀ ni báyìí, l'Ókpoko. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yẹ kó gbà wá.
Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán dìde nínú ìgbìmọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta oògùn ní kẹ́míìsì — Sáyẹ́ǹsì ni mò ń pè é. Ó ní lọ́dún góòlù yẹn, láàárín Ààwẹ̀ sí Iléyá, ọrùn Mùs'áb di òpó. "Ọrùn yẹn kì í ṣe ti iyán." Sìtẹ́rọ́ídì ni, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wú iṣan.
Ẹ̀rí dà? Kò sí. Mo ní ìfura lásán kì í gba iyì lọ́wọ́ ẹni. Alága wa, Àlhájì Yúnúsà, ní: "Ẹ jẹ́ ká rò ó." Orúkọ tí mo fún un nìyẹn.

Ajé, 4
Wọ́n ṣì ń rò ó.

Àìkú, 10
Sáyẹ́ǹsì lóun ní ìdánwò. Wọ́n ní kí Mùs'áb wá kí wa nílé Àlhájì. Ó kí àgbà tán, wọ́n ní: "Jọ̀ọ́, bá wa sún firíìjì yìí." Ó gbé e. Òun nìkan, pẹ̀lú ẹran Àlhájì nínú rẹ̀. "Ibo ni kí n gbé e sí, sà?" Kò sẹ́ni tó ti rò ó débẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, firíìjì láyà, bí ìyá ọmọ tuntun.
Bó ṣe lọ tán, Sáyẹ́ǹsì pàtẹ́wọ́: "Ẹ rí i! Oògùn ṣì wà lára!"
Mo bi í: tí ò bá wá lè gbé e ńkọ́?
"Á jẹ́ pé oògùn ti tán lára nìyẹn."

Ìṣẹ́gun, 12
Firíìjì ò tutù mọ́. Ẹran Àlhájì ti bàjẹ́. Èyí náà di ẹ̀sùn.

Àìkú, 17
Wọ́n ti rò ó tán. Orí nìkan ni ká tẹ̀. Ẹ-Jẹ́-Ká-Rò-Ó là á yé wa: "Ara la fura sí. A ò fura sí orí." Sáyẹ́ǹsì ní ọrùn gan-an lolórí afurasí. Odindi wákàtí kan la fi wá ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àgbọ̀n ṣe ààlà.
Mo buwọ́ lù ú. Nílé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí mo lọ, wọ́n ní ìpinnu tó burú sàn ju èyí tó ń sùn lọ. Wọn ò tíì rí irú eléyìí.

Ọjọ́rú, 20
Okwudili wo orí náà títí. "Madam Fàdìlàt, dis man don die?" Rárá o. Ó ní orí òkú nìkan lòun máa ń tẹ̀ báyìí, fún ìkéde ìsìnkú. Mo ní kó tẹ àpẹẹrẹ mọ́kànlá fún ìgbìmọ̀.

Ẹtì, 22
Àgbákò! Ẹnì kan lẹ àpẹẹrẹ mọ́ ògiri l'Ókpoko. Morẹ́nikẹ́, ìyàwó Mùs'áb, jí bá àwọn aládùúgbò lẹ́nu ọ̀nà — àga, ẹkún, páálí Malta. "Ewoo! Chi m o!" — Ọlọ́run wọn ni wọ́n ń ké pè. Mùs'áb jáde sí wọn, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Wọ́n fọ́n ká. Ẹnì kan padà wá gbé Malta rẹ̀.
Morẹ́nikẹ́ pè mí: "Àǹtí, ṣé iyì lẹ fẹ́ fún ọkọ mi ni àbí sàréè?"

Àìkú, 24
Mo gbá tábìlì. Ojú tì wọ́n. Wọ́n dìbò: odindi ara, góòlù lọ́rùn. Mẹ́sàn-án sí méjì. Ó parí! Ọjọ́bọ̀ la máa tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, 27
Mo lọ gba fọ́tò l'Ókpoko. Wọ́n ti kun ògiri tí kàlẹ́ńdà á wà. Ìyá Mùs'áb ti sọ fún gbogbo ọjà n'Ísẹ́yìn.
Kí n lè pa fáìlì dé, mo bi í gbangba: Mùs'áb, ṣé o gba abẹ́rẹ́ yẹn?
Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.
"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Mẹ́ta. Kóòṣì mi ní fítámì ni. Lẹ́yìn èkíní, mo mọ̀ pé kì í ṣe fítámì."
Kí ló dé tí ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?
"Ta ló bi mí? Wọ́n bi gbogbo Okpoko. Wọ́n bi firíìjì."
Ó ní ọmọ Ogbunike ló ṣe ipò kejì, Ikem tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, ó ṣì ń pe òun ní Champion. Òun kì í lè wò ó lójú. Ó ní kí n ṣe èyí tó bá tọ́. Ó nu fọ́tò náà kó tó gbé e fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 28
Okwudili pè ní mẹ́jọ: "Make I run am?" Mo ní kó dúró. Èmi! Mo forí lé Ogbunike. Bí góòlù ò bá tọ́ sí Mùs'áb, ẹni tó tọ́ sí ló yẹ kó gbọ́.
Mo sọ ọ́ fún Ikem. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tútù. "Three? Only three? Me, I take five! Three come beat five — abeg, that man na Champion!"
Okwudili ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mi ò gbé e. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, à ń lọ sí Nkwelle Ezunaka. Ikem ní ibẹ̀ lẹni tó ṣe ipò kẹta ń gbé.